Bàbá Àgbà Mi Tí Kì Í Parí Ilé

Tí ẹ bá gba títì láti Àpòmù wọ Ìkirè, tí ẹ rí ilé kan tó gún régé, tó ní géètì, tí ọ̀dà rẹ̀ ń dán, ṣùgbọ́n tí igun rẹ̀ kan wà níhòòhò, tí búlọ́ọ̀kù ibẹ̀ ń wò yín bí eyín ẹni tí ètè rẹ̀ kò padé, ẹ má rò pé owó ló tán lọ́wọ́ onílé. Bàbá Àgbà mi ló kọ́ ilé náà. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi igun yẹn sílẹ̀ ni.

Bíríkìlà ni wọ́n. Bàbá Rájí ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n lé ní àádọ́ta ọdún nídìí iṣẹ́ náà kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mi ò ní purọ́ torí pé wọ́n ti lọ: nínú gbogbo ọdún yẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ san owó fún ìjọba. Àwọn tó wá kí wa lẹ́yìn ìsìnkú ń sọ pé olóòótọ́ èèyàn ni wọ́n, èmi náà ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ń bi ara mi pé, olóòótọ́ sí ta? Ìdí tí mo fi mú bírò nìyí, kí ẹnì kan lè sọ bí wọ́n ṣe rí gan-an.

Ohun tí gbogbo ìlú gbà gbọ́ ni pé ilé tí kò bá tíì parí, ìjọba kì í gbowó lórí rẹ̀. Bóyá òfin ni, bóyá àwa ará ìlú ló ṣe é fúnra wa, mi ò mọ̀. Èyí tí mo mọ̀ ni pé tí àwọn tó ń pín ìwé owó ilé bá dé (àwọn oníwèé là ń pè wọ́n), wọ́n á wo ilé sókè sódò, wọ́n á rí igun tí a kò fi símẹ́ǹtì rẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sínú fáìlì pé kò tíì parí, wọ́n á sì kọjá lọ. Nítorí náà, tí Bàbá bá ń bá ẹni tó fẹ́ kọ́lé ṣàdéhùn, wọ́n á bi í bí ẹni ń béèrè irú wíńdò tó fẹ́ pé, "Igun wo ni ká fi sílẹ̀ fún àwọn oníwèé?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti pẹ́ l'Ékòó wá kọ́lé, kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, ó rí i pé Bàbá ń fọ irinṣẹ́.

"Bàbá, ẹ gbàgbé ibì kan o. Igun ẹ̀yìn yẹn."

"Mi ò gbàgbé."

"Ìgbà wo lẹ wá máa rẹ́ ẹ, sà?"

Bàbá gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n wo igun náà títí, bí ẹni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rí igun ilé nìyẹn. Wọ́n ní, "Mo ṣì ń rò ó."

Ní ti owó iṣẹ́, ọwọ́ sí ọwọ́ ni. Wọn kì í gba sọ̀wédowó, wọn kì í gba èyí tí wọ́n ń fi fóònù ránṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kan ní Àpòmù pè wọ́n kí wọ́n wá tún ògiri ilé ìdáná rẹ̀ ṣe, èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ tí wọ́n máa gbowó. Obìnrin náà ti mú fóònù dání.

"Bàbá, ẹ fún mi ní nọ́ńbà àkáǹtì yín, kí n fi ránṣẹ́ báyìí báyìí."

"Tó o bá fi ránṣẹ́, ta ló máa rí i?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Álátì máa wọlé sórí fóònù yín."

"Èmi nìkan?"

"Báńkì náà máa rí i."

"Ta ló tún wà ní báńkì?"

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ yín o!"

"Nọ́ọ̀sì, tó o bá kà á sí mi lọ́wọ́, iye tá a jọ sọ náà ni. Tó o bá fi ránṣẹ́, wàá fi nǹkan lé e, torí àyà mi tó máa já."

Obìnrin náà lọ sọ́dọ̀ oní-POS ní ìkóríta, ó gbowó wá. Nígbà tó kà á tán, ó tún ṣe àṣìṣe mìíràn, ó ní kí Bàbá kọ rísíìtì fún òun. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ògiri náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó dún gbì, gbì, gbì. Wọ́n ní, "Rísíìtì rẹ nìyí. Ọjọ́ tó bá wó, kó o gbé e wá."

Wọn ò ní bọ́ọ̀dù níwájú ilé, wọn ò sì jẹ́ gbé irinṣẹ́ sí gbangba. Apẹ̀rẹ̀ oko ni wọ́n ń kó o sí: tírówẹ̀ẹ̀lì, okùn àti lẹ́fẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀, ewé ẹ̀gẹ́ àti àdá lókè. Ẹni tó bá rí wọn lówùúrọ̀ á ní oko ni wọ́n ń lọ. Ní ọ̀nà Ìkirè-Ilé lọ́jọ́ kan, oníwèé méjì dá ọ̀kadà dúró níwájú wọn.

"Bàbá, ẹ kú òwúrọ̀. Kí ni iṣẹ́ yín?"

"Àgbẹ̀ ni mí."

"Ẹ kú iṣẹ́ o! Ìyàwó mi ń wá ẹ̀gẹ́ tó dáa tó máa fi ṣe gàrí. Ẹ jẹ́ ká rà nínú tiyín."

Kí ni Bàbá máa ṣe? Wọ́n ní kí àwọn oníwèé náà padà wá lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wọ mọ́tò lọ sí Ìkòyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpòmù, kì í ṣe ti Èkó, wọ́n ra ẹ̀gẹ́ àpò kan lọ́wọ́ àgbẹ̀ gidi, wọ́n sanwó mọ́tò fún àpò náà, wọ́n rọra da erùpẹ̀ tútù sí i lára. Àwọn oníwèé dé, wọ́n ná an títí, wọ́n rà á ní iye tí kò tó èyí tí Bàbá fi rà á. Ẹ̀gẹ́ náà sì wù wọ́n. Wọ́n padà wá lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí Bàbá ń sọ ọ́ fún wa, ojú wọn le bíi ti ẹni tí wọ́n jà lólè. Wọ́n ní, "Bí ìjọba ṣe gba owó orí lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ẹni tí gbogbo èyí dùn jù ni Ìyá Àgbà, ìyàwó wọn. Igun kan ni Bàbá ń fi sílẹ̀ ní ilé àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ní ilé tiwọn, gbogbo iwájú ilé ni. Ọgbọ̀n ọdún ni ilé náà fi wà láìrẹ́. Alángbá ti bímọ, ti dàgbà, ti kú sínú ihò búlọ́ọ̀kù wọ̀nyẹn. Ìyá Àgbà a máa sọ fún àlejò pé, "Ọkọ mi ni bíríkìlà tó mọṣẹ́ jù nílùú yìí. Ẹ wo ibi tó fi mí sí." Nígbà tí ẹbí bàbá mi wá tọrọ ìyá mi, wọ́n ní ẹnì kan nínú wọn rọra béèrè bóyá ilé náà jóná ni. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni Ìyá Àgbà kò fi bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀. Bàbá kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n ṣáà fẹ́ ọmọ wa. Ilé kọ́ ni wọ́n wá fẹ́."

Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èyí. Mo rẹ́rìn-ín títí ó fi kàn mí.

Bàbá ọmọ mi lọ Èkó lọ wáṣẹ́ nígbà tí Ayọ̀mídé jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin. Fóònù rẹ̀ kọ́kọ́ ń dún láìgbé e, lẹ́yìn náà kò dún mọ́. Mo padà sílé Bàbá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ta òkìrìkà ọmọdé lórí tapólì lẹ́bàá títì. Tí òjò bá rọ̀, mo kó o. Tí mọ́tò bá ta ẹrẹ̀ sí i, mo tún un fọ̀. Ìgbà mìíràn wà tí mo fọ aṣọ kan lẹ́ẹ̀mẹrin kí n tó rí i tà. Ni ìjọba ìbílẹ̀ bá kọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun sí Àpòmù, wọ́n ní ká wá mú nọ́ńbà, orí bá mi ṣe é, mo mú èyí tó jẹ ṣọ́ọ̀bù kan. Mo jó délé. Ìgbà tí mo ka fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún mi ni ijó náà tán: mo gbọ́dọ̀ mú onídùúró wá, ẹni tó ní ilé tó ti parí ní agbègbè wa, tó sì ní ìwé pé òun ti san owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Tí n kò bá rí ẹnì kan, wọ́n á gbé ṣọ́ọ̀bù fún ẹlòmíràn.

Mo kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Tíṣà, ọ̀rẹ́ Bàbá láti kékeré, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. A jókòó sí pálọ̀ wọn, táìsì ń dán nísàlẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ wa lórí.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, ǹ bá ṣe é fún ọ. Ṣùgbọ́n ilé mi kò tíì parí."

Mo wo ẹ̀rọ amúlétutù. Bàbá Tíṣà náà wò ó.

Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣádé oníbúrẹ́dì, tó ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ní, "Ọmọ dáadáa, ìwọ náà mọ̀ pé a ṣì ń kọ́lé lọ́wọ́." Wọ́n ti ń gbé inú ilé yẹn kí wọ́n tó bí mi. Ilé mẹ́fà ni mo dé. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kò tíì parí.

Bí mo ṣe délé, Bàbá ń jẹun. Mi ò kí wọn dáadáa, mo mọ̀ pé mi ò kí wọn dáadáa. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ gbogbo ilé tó wà ládùúgbò yìí. Kò sí ẹyọ kan tó parí tí mo lè fi gba ṣọ́ọ̀bù." Ni mo bá bú sẹ́kún. Ayọ̀mídé náà sọ tiẹ̀ lẹ́yìn mi. Ìyá Àgbà ní kí n dákẹ́, ṣé irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sí àgbàlagbà nìyẹn. Bàbá kò bá mi wí. Wọ́n fọwọ́ nígbà tí oúnjẹ ṣì kù nínú abọ́, wọ́n nu ọwọ́ náà pẹ́, wọ́n ní, "Ọjọ́ mélòó ló kù?"

"Mẹ́sàn-án, sà."

"Ó tó."

Ohun tí mo gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìró asẹ́ yanrìn. Ó ti tó ọdún méjì tí orúnkún kò jẹ́ kí Bàbá ṣiṣẹ́ gidi mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n wà lórí pákó níwájú ilé, wọ́n ń da símẹ́ǹtì lu ògiri, wọ́n ń fà á gún. Wọn ò gbà kí ọ̀dọ́ kankan bá wọn rẹ́ ẹ. Ìyá Àgbà gbé àga síta, wọ́n jókòó bí ẹni tó wá wo fíìmù.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi bẹ̀ yín. Ọmọ yìí sunkún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo!"

Bàbá dáhùn láìbojúwẹ̀yìn. "Ìwọ ò sunkún rí. Bíbú lo máa ń bú mi."

Kí oòrùn tó mú, àdúgbò ti pé síwájú ilé wa. Èmi rò pé wọ́n wá kí Bàbá kú iṣẹ́ ni. Ojú Bàbá Tíṣà ni mo wò tí mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà.

"Rájí, sọ̀kalẹ̀, ká sọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́ níbẹ̀. Símẹ́ǹtì ń gbẹ."

"Tó o bá rẹ́ tìrẹ, wọ́n á wá wò ó. Tí wọ́n bá wá wo tìrẹ, ṣé wọ́n á di ojú ni tí wọ́n bá dé tiwa?"

Ìyá Ṣádé kò lè mú un mọ́ra. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní ká fi igun sílẹ̀! Ẹ̀yin lẹ kó wa wọ̀ ọ́, ẹ wá fẹ́ dá nìkan jáde!"

"Ọmọ mi ń wá onídùúró."

"Kó wá ẹlòmíràn!"

Bàbá yí padà lórí pákó nígbà yẹn. Símẹ́ǹtì wà ní irùngbọ̀n wọn. Wọ́n na tírówẹ̀ẹ̀lì sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí tíṣà tó ń pe orúkọ nínú kíláàsì. Wọ́n ní, "Ẹni tí ilé rẹ̀ bá parí nínú yín, kó sọ̀rọ̀."

Gbogbo wọn túká lọ́kọ̀ọ̀kan, tìbínú tìbínú. Ọjọ́ márùn-ún tí Bàbá fi ṣiṣẹ́ yẹn, Ìyá Ṣádé kò ta búrẹ́dì fún wa.

Èmi fúnra mi ni mo lọ pe oníwèé wá. Ọ̀gá kan ló tẹ̀ lé mi, tó gbé fáìlì há abíyá. Ó wo iwájú ilé, ó fọwọ́ kàn án, ó ní ilé yìí ti parí pátápátá. Ó ṣí fáìlì.

"Iṣẹ́ yín ńkọ́, Bàbá?"

"Àg..." Bàbá dúró. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, símẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ ọn dé ìgúnpá. "Bíríkìlà," ni wọ́n wí. "Kọ ọ́ kó tóbi."

Ọ̀gá náà kọ ìwé, ó fi lé wọn lọ́wọ́. Bàbá ní kí n ka iye tó wà níbẹ̀. Mo kà á. Wọ́n wá yí sí ọ̀gá náà.

"Èló ni jálẹ̀?"

"Iye tó wà níbẹ̀ náà ni, sà."

"Kéṣì ni mo fẹ́ san o. Bá mi yọ díẹ̀ kúrò."

"Bàbá, a kì í gba kéṣì. Báńkì lẹ máa san án sí."

Bàbá wò mí bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ lójú ọjà. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o gbọ́? Ọjọ́ tí mo fẹ́ san gan-an, wọn ò gbowó."

Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín lọ, ó wá dúró. Ó ti rí ilé Bàbá Tíṣà ní òdìkejì. Ó wo ẹ̀rọ amúlétutù, ó wo kọ́tìnì, ó wo igun tí a kò rẹ́. Gbogbo fèrèsé tó wà ládùúgbò ló ní ojú nínú. Mo rí Ìyá Ṣádé tó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ orí.

"Ilé yẹn ńkọ́, Bàbá? Kí ló dé tí wọn ò parí ẹ̀?"

Bàbá gbé ojú wò ó tàánútàánú. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Bíríkìlà wọn ló ti darúgbó."

Ọ̀gá náà mi orí, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ń lọ. Kò tíì dé ibi ọ̀kadà rẹ̀ tó fi padà, tó rọra sún mọ́ Bàbá. "Sà, mo ní ilé kan tí mo ń kọ́ lọ́wọ́. Ẹ ò lè bá mi rẹ́ ẹ? Kéṣì ni o, a ò ní gbé e gba inú ìwé." Ojú kò tì í bó ṣe ń sọ ọ́. Bàbá gbọ́n símẹ́ǹtì kúrò lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ọ̀gá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọlúàbí ni. Jẹ́ kí n gbádùn ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan ná."

A lọ sí báńkì lọ́jọ́ kejì. Bàbá fa fìlà bo ojú títí a fi dé iwájú, kí oníbàárà wọn kankan má baà rí wọn. A gba ìwé. Wọ́n fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi. Ó ku ọjọ́ kan péré kí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé nígbà tí mo gba kọ́kọ́rọ́. Búrẹ́dì mẹ́ta ni Ìyá Ṣádé gbé wá fún wa nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sì gbowó.

Ṣé ẹ rò pé ó tán? Ẹni tí kò san owó fún ìjọba láti àádọ́ta ọdún, ẹ ò mọ irú ìyọnu tó máa di tó bá san án lẹ́ẹ̀kan. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó wọn kiri. Wọ́n á dúró ti gọ́tà tó ti dí, wọ́n á ní owó wọn ló wà nísàlẹ̀ yẹn. Tí ọ̀kadà tí wọ́n gùn bá bọ́ sí kòtò, wọ́n á ní kó dúró, wọ́n á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á wọn kòtò náà pẹ̀lú ẹsẹ̀. Wọ́n ti dé ọ́fíìsì àwọn oníwèé lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe pé wọ́n pè wọ́n. Ẹni tó ń sá fún àwọn oníwèé tẹ́lẹ̀, òun ni àwọn náà wá ń sá fún. Akọ̀wé kan ní kí wọ́n lọ sinmi nílé, pé owó tí wọ́n san kò tó ohun tí wọ́n ń fi í pariwo. Bàbá fa àga, wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ẹ dá a padà fún mi nígbà náà, ká jọ sinmi."

Wọ́n lò tó oṣù mẹ́jọ sí i. Àìsàn kò pẹ́ lára wọn. Wọ́n sùn lọ́sàn-án ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ, wọn ò jí mọ́. Ẹni àádọ́rin ọdún ó lé mẹ́jọ ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iye tí wọ́n ń sọ fún àwọn oníwèé yàtọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ ni ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú wọn lọ wo ṣọ́ọ̀bù. Mo ti to aṣọ ọmọdé sí i, mo ti ra oúnjẹ fún káfíńtà kan kó lè bá mi kan ibi ìfaṣọkọ́. Mo rò pé wọ́n máa yìn mí. Wọn ò wo aṣọ kankan. Wọ́n fi èékánná ha ògiri, yanrìn dà sílẹ̀ sorósoró. Wọ́n pòṣé. Wọ́n ní kí n kó gbogbo ẹrù síta. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tún ṣọ́ọ̀bù náà rẹ́ nínú àti lóde, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pẹ̀lú orúnkún yẹn, Ayọ̀mídé ń fi ọwọ́ tẹ símẹ́ǹtì tútù, wọ́n ń tún un fà láìbínú.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n jókòó sórí korobá, wọ́n gbé ọmọ náà sí itan. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó yà, ó mú bùbá kékeré kan, ó bi Bàbá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣọ́ọ̀bù ta nìyí?"

Bàbá na ìka sí mi.

Mo ní, "Tiwa ni, mà. Ti Bàbá mi ni."

"Rárá," ni Bàbá wí. Wọ́n yí ojú ọmọ náà sí ọ̀dọ̀ mi, kó lè máa wò mí. "Tún un sọ. Sọ ọ́ dáadáa."

Obìnrin náà ṣì mú bùbá dání, ó ń dúró.

Mo ní, "Tèmi ni."